Kí Ni Omi Náà Wí?

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí Bàbá Mofẹ́ ti pè mí, n kò sì tíì rí èsì gidi fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ wọn ti ṣe JAMB nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́tẹ̀ yìí máàkì rẹ̀ kò burú, àmọ́ kò tó ti nọ́ọ̀sì, ni yunifásítì bá fún un ní ohun tí kò béèrè: sáyẹ́ǹsì àyíká. Ojú wọn ni mo ṣe dàgbà ní àdúgbò wa, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí mo kà nìyẹn. "Fọlákẹ́, ìwọ lo mọ̀dí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé kí n san owó acceptance fún un, àbí kí ó jókòó sílé tún JAMB ṣe? Iṣẹ́ wo gan-an ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i, sà."

Kò yẹ kó gba ìrònú. Ẹni tó bá ti ka ìmọ̀ yìí ti há àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ sórí, torí kò sí ẹbí tí kì í béèrè. Ǹ bá ti kà wọ́n fún wọn lórí fóònù níjọ́ náà. Ohun tó dá mi dúró ni pé bí wọ́n ṣe bi mí báyìí, ìbéèrè mìíràn tó ti pẹ́ ló ta jí nínú mi. Ìyá àgbàlagbà kan ló bi mí ní tiẹ̀, lẹ́bàá kànga rẹ̀, lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tó bi mí, n kò dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, bí mo bá ń fọ abọ́, bí mo bá jókòó nínú mọ́tò, ohùn ìyá yẹn ni mò ń gbọ́.

## Wolé-wolé

Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ kà lórúkọ. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe wolé-wolé nìyẹn?" Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn láyé ọjọ́un mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wolé-wolé á wọ káákì rẹ̀, á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á ṣí ìdérí ìkòkò omi, á yọjú wo inú rẹ̀. Bó bá bá tanwíjí níbẹ̀, onílé dáràn. Wọ́n ní bí ariwo bá ti sọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò pé wọ́n ń bọ̀, kálukú á ti máa da omi ìkòkò rẹ̀ nù sẹ́yìnkùlé, àtèyí tó ní tanwíjí àtèyí tí kò ní.

Ohun tí Ìyá Mofẹ́ ní tiwọn rántí ni Sátidé ìparí oṣù. Ayé ìjọba ológun Bùhárí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sé wa mọ́lé láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ká ro koríko, ká kó gọ́tà, kí mọ́tò má rìn. "Ènfáyámẹ́ǹtì" là ń pè é, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu wa mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bi mí, tí wọn kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣé kíkó gọ́tà ni ọmọ wọn yóò lọ fi ọdún mẹ́rin kọ́?

Rárá o. Wolé-wolé ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Èyí tó wà ní Eléyẹlé níbí ti kọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, ẹni tí kò bá sì ní in kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́, igbó àti ìdọ̀tí la máa ń kọ́: bí nǹkan ṣe ń wọ inú wọn, ibi tó ń gbà, iye tó ti pọ̀ jù, àti ohun tí òfin wí sí i. Kẹ́mísìrì ló gba iwájú nínú rẹ̀, ìṣirò tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá ń sá fún kẹ́mísìrì, kó tètè wí, kí wọ́n má lọ fi owó òbí ṣòfò.

N kò fojú kékeré wo wolé-wolé o. Tanwíjí lónìí ni ẹ̀fọn lọ́la, ibà ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun kan sì wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò kọ́ mi ní yunifásítì. Bí wolé-wolé bá rí tanwíjí nínú ìkòkò, á pe onílé pé kó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Èdè onílé ni yóò fi bá a sọ̀rọ̀, níbi ìkòkò náà gan-an, kó tó kúrò nínú ọgbà. Èmi, tí mo ní ẹ̀rọ tó lè rí ohun tí ojú kò lè rí, ṣe ni mo máa ń bu omi onílé, mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń lọ.

## Kànga keje

Ààtàn mẹ́rin ni ìjọba ní ní Ìbàdàn: Awótán, Àjàkáǹgà, Làpítẹ̀ àti Àbà-Èkù. Ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni mo ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Òótọ́ ni, kì í kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sí i, omi dúdú kan tó ń rùn á máa ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀, á rì wọlẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró kó tó dé ìdí kànga ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣáláńgá àdúgbò náà ń fi tirẹ̀ kún un.

Kànga méjìlélógún ni mo ń yẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì gbọ́dọ̀ dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan: nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí òjò bá pọ̀. Iṣẹ́ náà kò le, sùúrù ló ń fẹ́. Omi kànga náà gan-an lèèyàn á fi ṣan ike rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bu èyí tó máa gbé lọ. Ike tí a bá fẹ́ wá òjé nínú omi rẹ̀ á gba ásíìdì díẹ̀, kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ ara ike. A ó kọ nọ́ńbà kànga, ọjọ́ àti aago sára sẹ́lótéèpù, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike, a ó wá kì í sáàárín yìnyín nínú kúlà. Ó kéré tán, ìgbà ọgọ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣe ni inú mi máa ń dùn bí àwọn ike náà bá tò sínú kúlà bí ẹyin.

Kànga keje jẹ́ ti Ìyá Ológì. Ìdérí páànù ló wà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n gbé òkúta lé, okùn rẹ̀ ti dúdú, asẹ́ funfun mẹ́ta sì máa ń wà lórí okùn aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí omi kíkan ń kán lára wọn. Lọ́jọ́ kẹta tí mo lọ, oṣù keje ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìyá gbé ọmọ ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́ta, lé èjìká, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́ kó lè gùfẹ̀. Wọ́n wò mí bí mo ṣe ń fa omi. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí o máa bu omi mi lọ. Kí ni omi náà wí?"

Mo ní, "A ò tíì parí iṣẹ́ náà, mà."

Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ní wọn kì í tilẹ̀ fi omi náà ṣeré. Ọmọ wọn obìnrin ti padà sí ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀, wàrà inú agolo ni wọ́n ń pò fún ọmọ yìí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń se omi rẹ̀. "A máa ń sè é dáadáa. Á hó, màá tún fi í sílẹ̀ kó hó sí i."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ lórí ìdúró níbẹ̀. Èsì ti oṣù kejì ti wà nínú ìwé mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Náítíréètì, èròjà kan tó máa ń ti ara ìdọ̀tí àti ṣáláńgá wọ inú omi, ti kọjá nínú kànga keje 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, èyí tí òfin omi mímu Nàìjíríà àti àjọ ìlera àgbáyé fi ṣe òpin. Àgbàlagbà lè mu ún kó má mọ nǹkan kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń fi omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún, ni ìjàǹbá rẹ̀ wà fún jù: ara rẹ̀ á sọ náítíréètì di nǹkan mìíràn tó máa dí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àtigbé èémí káàkiri, ètè àti ìka á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí aró. Sísè kì í lé e. Iná ń pa kòkòrò àìfojúrí, àmọ́ náítíréètì kì í bá oru lọ. Bí omi bá ṣe ń hó tó ń dínkù nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni ti inú rẹ̀ ń ki sí i. Ìtọ́jú tí ìyá yìí ń ṣe tọkàntọkàn, tó fi ń jẹ́ kí omi hó pẹ́, òun gan-an ló ń bà á jẹ́ sí i.

Mo dé ike mi, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ sí kànga kẹjọ.

## Ọbẹ̀ tó ti níyọ̀ jù

Mo ní àwíjàre. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti kìlọ̀ pé ká má fi èsì tí a kò tíì yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì dẹ́rù ba ará àdúgbò. Ọgbọ́n wà nínú ìkìlọ̀ náà, nítorí ẹ̀rọ lè ṣìnà, ọwọ́ èèyàn náà lè ṣìnà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n má padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ni mo jókòó tì í. Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tún yẹ omi kànga keje wò ní lábù lọ́jọ́ kejì, lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, nọ́ńbà náà kò lọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin mo padà lọ, n kò gbé ike, n kò gbé kúlà. Ìyá Ológì ń sẹ́ ògì lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní mo wá jẹ́ iṣẹ́ tí omi rán mi.

Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ọdún mẹ́rin kò bá mi wá sẹ́nu. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ "náítíréètì" tí kò ní dà bí ọfọ̀ létí wọn. Asẹ́ ọwọ́ wọn ni mo ń wò, ni ọ̀rọ̀ ìdáná bá bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ìyá, bí èèyàn bá bu iyọ̀ jù sọ́bẹ̀, tó wá gbé e padà ka iná, tí omi rẹ̀ ń gbẹ lọ, ṣé iyọ̀ náà máa dínkù?"

Wọ́n ní, "Kó dínkù bá wo? Á túbọ̀ níyọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni."

Mo ní, "Nǹkan kan ti wọ inú omi kànga yìí, mà. Bí iyọ̀ ló rí, àmọ́ ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò. Láti ara ààtàn àti ṣáláńgá ló ti ń wọlẹ̀ wá. Iná kò lè lé e. Àgbà lè gbà á mọ́ra, ọmọdé jòjòló kò lè gbà á."

Wọ́n dáwọ́ dúró. Omi ògì ń kán sínú abọ́ lábẹ́ asẹ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Ṣé o ti mọ̀ lọ́jọ́ tí o wá bu omi yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn kò bú mi. Wọ́n pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀, ó ń sùn lórí ẹní, ara rẹ̀ le. Ìbéèrè tí wọ́n wá bi mí tẹ̀ lé e ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi mí lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti gbèjà iṣẹ́ mi: "Ògì tí mò ń tà ńkọ́?"

N kò ti ronú dé ibẹ̀. Àwọn ìyálọ́mọ àdúgbò ló ń ra ògì náà. Kànga tó wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí lókè, ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú tèmi, kò ní ìṣòro yìí, mo sì sọ fún wọn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka gálọ́ọ̀nù: mélòó fún ọmọ, mélòó fún ògì tí wọ́n ń rẹ, mélòó fún èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, èló ni alómi máa gbà láti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé ó máa jẹ nínú èrè. Wọ́n ní kí n lọ pe ìyàwó ilé kejì àti ìyá ìbejì wá. Kí n tó la ẹnu, àwọn fúnra wọn ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ oníyọ̀ náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Mo kàn ń fi kún un pé fún omi tí àwọn àgbà ń mu, kí wọ́n má ṣe fi sísè sílẹ̀ o, torí kòkòrò àìfojúrí ṣì wà níbẹ̀.

Ìwé àṣekágbá mi gba máàkì tó dára. Ó wà nínú láíbúrárì ẹ̀ka wa, ó ti kó eruku. Nínú gbogbo ojú ìwé rẹ̀, n kò rò pé èyíkéyìí ṣe tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi sọ̀rọ̀ ọbẹ̀.

## Àwọn tó kọ lẹ́tà wálé

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú yẹn wo ìtàn iṣẹ́ wa ni mo rí i pé ibi tó ti ṣẹ̀ gan-an nìyẹn. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, àwọn oníṣòwò kan ń fi ọkọ̀ ojú omi kó májèlé iléeṣẹ́ láti Ítálì wá sí Kókó, ìlú èbúté kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ni wọ́n háyà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n tò síbẹ̀, òmíràn ti ń jò. Nàìjíríà kò ní àjọ kan tó ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló rí ìròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọ̀hún, tí wọ́n kọ lẹ́tà sílé. Lẹ́tà yẹn ló tú àṣírí. Ọkọ̀ Karin B tó kó lára májèlé náà padà lọ́dún 1988 rìn káàkiri Yúróòpù, èbúté lórí èbúté kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ológun ṣe Decree 42 lórí májèlé àti Decree 58 tó dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. Ní 1992 ni òfin tó ń bọ́ púpọ̀ nínú wa jáde, Decree 86, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ yẹ ohun tó máa ṣe fún àyíká wò. NOSDRA tó ń bójú tó epo tó bá dànù dé ní 2006, NESREA tó ń rí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́ dé ní 2007. Àdéhùn Basel tó ń ṣọ́ bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń kó májèlé lọ sí òmíràn di kíkọ ní 1989, yunifásítì Ìbàdàn sì ni ibùdó rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà wà.

Bí ẹ bá bi mí, lẹ́tà ọmọ ilé ìwé ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ owó oṣù tí à ń gbà lónìí. Wọ́n rí nǹkan, wọ́n mọ ẹni tó ń bẹ nínú ewu rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó gbọ́. Ní ọdún 2011, nígbà tí UNEP, ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ògóni jáde, ọ̀kan nínú ohun tó wà níbẹ̀ ni kànga àwọn ará Nisisioken Ogale, tí bẹ́ńsíìnì, májèlé kan tó máa ń wà nínú epo rọ̀bì, tó wà nínú rẹ̀ ju ìlọ́po 900 ohun tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí. Àwọn ìdílé ń mu ún. Ojú kànga keje ni mo fi ka ìlà yẹn. Mo ń rò ó pé lọ́jọ́ wo ni ẹnì kan wá sọ fún ìyá tó ń fa omi náà, èdè wo ló sì fi sọ ọ́?

## Ẹni tó rán ni níṣẹ́

Ẹ wo èdè wa. Iṣẹ́ là ń ṣe, iṣẹ́ la sì ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tí Bàbá Mofẹ́ ní "iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀", èyí tí à ń gbowó rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì jàre, ọmọ ni wọ́n fẹ́ tọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì ni n kò lè ṣàìfi kún ìdáhùn mi.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbowó oṣù ni ọ́fíìsì àwọn kọ̀ǹsọ́tàǹtì tó ń ṣe àyẹ̀wò ti òfin 1992 yẹn. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀, èèyàn sì máa ń kọ́ nǹkan níbẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ní òjò, ẹ̀ẹ̀kan ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi, ilẹ̀, ariwo, ẹyẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará abúlé. Ìdẹkùn rẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé ló ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ ilé náà wò. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mo ti rí i bí òwe yẹn ṣe ń pa ẹ̀rí ọkàn èèyàn lára. Òfin ní ká gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè kà á. A gbé e síta lóòótọ́, sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan, ìwé nípọn-nípọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìwé kékeré tí aráàlú lè kọ èrò wọn sí. Lọ́jọ́ tí mo lọ kó o, ìwé kékeré náà mọ́ fúnfún. Àwọn obìnrin tí odò wọn wà nínú ìwé ńlá náà ń ta gúgúrú lẹ́nu géètì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ojú ìwé méjì ní Yorùbá mọ́ iṣẹ́ tó bá kàn mí, tí mo sì ń bẹ ẹnì kan kó kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló fẹ́ ẹ. Mo ti wá gbà pé nínú iṣẹ́ tiwa, omi ló rán wa. Ẹni tó sanwó kàn gbé wa débẹ̀ ni.

Àwọn iṣẹ́ yòókù ńkọ́? Iléeṣẹ́ ńlá ní Ọ̀tà, Agbára àti Ṣàgámù ń gba àwa tí wọ́n ń pè ní "séfútì". Owó wọn máa ń sàn ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ, ẹni tó bá sì dúró nídìí páìpù lè dá ìdọ̀tí dúró kó tó dé odò, nígbà tí ìjọba kò tíì mọ̀ rárá. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìjọba kì í rí owó púpọ̀, bẹ́ńtíróòlù ọkọ̀ àbẹ̀wò a sì máa wọ́n, àmọ́ òun nìkan ló ní àṣẹ àtiti géètì iléeṣẹ́ pa. Àwọn kan ń fi ìdọ̀tí ṣòwò. Ọdún 2012 ni Bílíkìsù Adébíyì-Abíọ́lá dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ike láti ilé dé ilé, onílé sì ń rí èrè gbà. Iṣẹ́ lábù wà, iṣẹ́ olùkọ́ wà, èèyàn sì lè lọ kàwé kún un lókè òkun.

Èyí tí mo máa fẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn gbájú mọ́ ni ti àwòrán ilẹ̀ láti sátẹ́láìtì. Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni AFRIGIST wà, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 lórúkọ RECTAS. Ìyá mi kì í gbọ́ òjò alẹ́ kí wọ́n má dárúkọ Omíyalé, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún wọ ilé tó kó èèyàn lọ. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Omi mọ ọ̀nà rẹ̀, kì í gbàgbé. Ẹni tó lè ya ọ̀nà náà sórí ìwé, kó fi han ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ létí odò kó tó sanwó, iṣẹ́ méjèèjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

N kò ní parọ́ fún Bàbá Mofẹ́. Nínú àwa tí a jọ jáde, ẹni tó wà ní báńkì wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta aṣọ wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí nìkan kò to nǹkan. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ lábù lò, tó mọ àwòrán ilẹ̀ ṣe, tó fi oṣù mẹ́fà IT rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí yunifásítì ń rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ níta, ṣe iṣẹ́ gidi, tí kò kàn ń bá wọn ra oúnjẹ ọ̀sán kiri, òun ni wọ́n ń pè padà.

## Ìlà tó kẹ́yìn

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo pe Bàbá Mofẹ́ padà. Mo tọrọ àforíjì pé mo pẹ́. Mo ní kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀. Kí ọmọ náà má ka ìmọ̀ yìí nítorí pé nọ́ọ̀sì kọ̀ ọ́, torí omi kì í ṣe ohun tí à ń fi ìbínú kà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó bá mi lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé.

Mofẹ́ dé ní aago méje. Ọmọ tó dákẹ́ ni. Kànga mẹ́sàn-án la ní láti yẹ̀ wò lẹ́yìn ìlú. Ní kànga kìíní, ó kàn dúró, ó ń wò mí. Ní ìkẹta, ó ti gba ike lọ́wọ́ mi, ó ń ṣàn án, ó sì ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ pé kó máa bá mi kọ ọ́: nọ́ńbà kànga, aago, bí omi ṣe jìn tó, bí ó ṣe gbóná tó.

Ìlà kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà tí kò sí nínú èyí tí wọ́n fún wa ní yunifásítì. Èmi ni mo fi kún un lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Ológì. N kò sọ ohun tó wà fún. Ní kànga karùn-ún, bàbá tó ni ilé jáde wá, ó ń wò wá bí a ṣe ń fa omi. Mofẹ́ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo bàbá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ nọ́ńbà fóònù yín. Bí èsì omi yìí bá jáde, ta ni ká pè?"